Olú Abẹ́ Igi Ayùnrẹ́

Ní ìlú Òkè-Arère láyé àtijọ́, bí wọ́n bá gbé ìyàwó wọ agboolé Ọdẹ́kùnlé, orúkọ méjì ni ìyàwó náà máa ń ní. Èkínní ni èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Èkejì ni èyí tí ọbẹ̀ olú àkọ́kọ́ tó bá sè yóò fún un, èkejì yìí ló sì máa ń bá a dalẹ́.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú ọdún bá rọ̀, ìyàwó tó dé gbẹ̀yìn ni yóò wá olú ọ̀gán, tí yóò sì sè é nínú ìkòkò kan ṣoṣo fún gbogbo agboolé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún un, nítorí pé olú kì í pẹ́. Bó bá ti di ọjọ́ kẹrin, ìdin ti wọ̀ ọ́. Bí ilé bá jẹun tán, ìyáálé yóò dìde, yóò sì sọ ìyàwó lórúkọ. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iyọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún tirẹ̀. Ìyá Oníyọ̀ ni wọ́n ń pè é títí ó fi hu ewú, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì rò pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ni. Òmíràn wà tí kò rí olú kankan tí ọjọ́ mẹ́ta fi pé. Agbọ̀n Òfo ni tirẹ̀. Ó ti bímọ mẹ́fà, orúkọ kò yí padà. Bó bá ń ti odò bọ̀, Agbọ̀n Òfo ló ń bọ̀. Bó bá ń jó níbi ìnáwó, Agbọ̀n Òfo ló ń jó. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè sọ pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí obìnrin tó fẹ́ kí wọ́n máa fi irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ pe òun lójú ọmọ.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Omíyalé ni ìyàwó tuntun. Ọmọ apẹja ni, láti ìlú kan létí odò tó jìn sí Òkè-Arère ní ìrìn ọjọ́ méjì. Kò sí ẹja tó lè fara pamọ́ fún un: ó mọ àrọ̀, ó mọ ọ̀bọ̀kún, ó mọ èpìyà, ó sì lè sọ èyí tí wọ́n pa láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n pa lánàá. Olú ńkọ́? Olú gbígbẹ tí àwọn alájàpá máa ń gbé wá sí etí odò nìkan ló mọ̀. Ó mọ bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Ìmọ̀ náà kò kọjá ibẹ̀.

Àwọn méjì ló fẹ́ràn rẹ̀ jù nílé ọkọ. Ọ̀kan ni Ọdẹ́rìndé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó dúdú tó ń dán. Nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, Adúmáadán ni Omíyalé ń pè é, orúkọ náà sì máa ń mú orí rẹ̀ wú. Ọdẹ́rìndé mọ igi gùn ju ọ̀bọ lọ, kò sì sí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, orí igi ni yóò ti wá a. Bí àlejò bá ń bọ̀, orí igi ni yóò ti kí i káàbọ̀.

Ẹnì kejì ni Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró, ìyá tó bí bàbá ọkọ rẹ̀. Orúnkún Ìyá Àgbà ti kọ iṣẹ́. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí kò ti kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa wo àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀. Àwọn ará ilé ń kúnlẹ̀ kí i, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un lásìkò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Omíyalé nìkan ló máa ń jókòó tì í bó bá gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ dé, tí àwọn méjèèjì yóò máa rojọ́ títí omi yóò fi tutù.

Òjò ńlá rọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, àwọn ìyàwó ilé mú Omíyalé lọ sídìí àwọn ọ̀gán, ilé tí ikán mọ, tó wà lẹ́bàá oko, níbi tí olú ti máa ń hù lọ́dọọdún. Kò sí ọ̀gán kankan níbẹ̀ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, agboolé Ọdẹ́kùnlé tún ilé ṣe, wọ́n sì wó àwọn ọ̀gán náà, wọ́n fi amọ̀ wọn rẹ́ ilẹ̀ ilé títí ó fi ń dán. Kò sí ẹni tó rántí olú nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Olú ọdún yẹn wà lábẹ́ ẹní tí wọ́n ń sùn lé.

Ní ọjọ́ kejì, Ọdẹ́rìndé mú un wọ igbó jìnnà. Ó gun igi mẹ́jọ. Ó rí abà àwọn ará ìlú kejì, ó rí afárá oyin, ó rí ibi tí ìnàkí ń jókòó sí. Kò rí olú.

Nígbà tí wọ́n dé, Omíyalé lọ jókòó ti Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ló dé tí ojú ìyàwó mi pọ́n?"

"Olú ni, Ìyá Àgbà. Ọjọ́ kan ló kù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìnkùlé pé Agbọ̀n Òfo Kejì ti ń bọ̀ lọ́nà."

"Ṣé ẹ dé ìdí ayùnrẹ́ tó wà lódìkejì odò?"

"Ayùnrẹ́ tí a rí níbẹ̀ pọ̀, Ìyá Àgbà. Èwo ni nínú wọn?"

Ìyá Àgbà mi orí. "Ibi tí mò ń wí yẹn, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n, ẹnu mi kò lè júwe rẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi já olú níbẹ̀, n kò fi han ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá rí ibi olú kì í pariwo rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ ń bẹ níwájú tí n ó fi han ọmọ. Ẹsẹ̀ kò dúró de ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá débẹ̀, n ó mọ̀ ọ́n."

Omíyalé wo arúgbó náà láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wo ẹrù tó fẹ́ rù.

"Ìyá Àgbà, ẹ dákun, báwo lẹ ṣe wúwo tó?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Àgbà, irú ẹ̀rín tí wọn kò tíì gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Omíyalé bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé Ìyá Àgbà lé e lẹ́yìn, ó sì fi ọ̀já tuntun tí ìyá rẹ̀ dì sínú ẹrù ìyàwó fún un pọ̀n ọ́n. Ọ̀já ọmọ ni. Àgbà ló kọ́kọ́ lò ó. Ọdẹ́rìndé gbé agbọ̀n, ó ń tẹ̀ lé wọn, ojú sì ń tì í díẹ̀. Gbogbo ìlú jáde wá wò wọ́n.

"Ìyàwó, o mà tètè bímọ o," ni ìyá kan tó ń gbálẹ̀ wí. "Akọ ni àbí abo?"

"Abo ni," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn láti ẹ̀yìn Omíyalé. "Eyín ni kò tíì hù."

Ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi kọjá odi ìlú. Nínú ilé, Ìyá Ìbídùn tó jẹ́ ìyáálé pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ síta kí wọ́n sì fọ̀ ọ́. Kò sọ bóyá òun gbà pé olú yóò bọ́ sínú rẹ̀.

Wọ́n sọdá odò. Wọ́n kọjá ayùnrẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan. Ní ìdí ẹ̀kẹta, tó tóbi tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣíji bo ilẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká Omíyalé.

"Gbé mi sílẹ̀ níbí."

Wọ́n tú ọ̀já, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ewé gbígbẹ, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Níbi gbogbo, ewé eéran ló hù bo ilẹ̀, ó sì ga dé orúnkún. Ẹni tó bá dúró, ewé náà nìkan ni yóò rí.

"Kò sí nǹkan kan níbí, Ìyá Àgbà," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Ẹ sinmi. Ẹ jẹ́ kí n gòkè, torí ẹni tó wà lókè ló ń rí jìnnà."

Kò dúró gba èsì. Ó fo ewé eéran kọjá, ó di ayùnrẹ́ náà mú, kò sì pẹ́ tó fi dé ṣóńṣó rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ké sí wọn pé òun ti rí i, pé ó wà ní pápá kékeré tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó funfun lọ bẹẹrẹ.

Omíyalé sáré lọ. Lóòótọ́, olú wà nínú koríko níbẹ̀, ó tóbi, ó funfun, ó ṣí bí àkẹtẹ̀. Ó já a títí agbọ̀n fi kún. Ó gbé e sórí, ijó ló jó padà wá, Ọdẹ́rìndé sì ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹnu lù fún un.

"Fún mi ní ọ̀kan nínú rẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. Ó gbà á, ó yí i padà, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. "Ṣé ọ̀gán wà níbi tí o ti já a?"

"Rárá, Ìyá Àgbà. Inú koríko ni, nínú oòrùn."

"Ṣé o rí ikán níbẹ̀?"

"N kò rí i."

"Nígbà tí o fà á, ṣé ilẹ̀ di ìdí rẹ̀ mú?"

"Kò dì í mú. Wọ́ọ́rọ́ ló jáde."

"Dà á nù," ni Ìyá Àgbà wí.

Ijó tán. Ìyá Àgbà gbé olú náà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè rí i. "Olú ọ̀gán, ọmọ ikán ni. Ikán ló ń tọ́ ọ nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, nítorí náà gbòǹgbò rẹ̀ máa ń gùn wọ inú ilẹ̀ lọ, bí ìwọ́ ṣe so ọmọ mọ́ ìyá. Àárín orí rẹ̀ a máa yọ ṣóńṣó, òun ló fi ń gún ilẹ̀ jáde. Abẹ́ rẹ̀ funfun bí òwú, bó bá dàgbà a pọ́n díẹ̀. Ẹ wo èyí. Kò ní gbòǹgbò, ìdí rẹ̀ kàn wú bí àlùbọ́sà. Ó wọ ẹ̀gbà sọ́rùn bí ẹni ń lọ òde. Abẹ́ rẹ̀ sì ti ń ní àwọ̀ ewé tútù. Olú èké ni. Mo rí ohun tó fojú àwọn ará ilé kan rí nígbà tí mo wà lọ́mọge, n kò sì ní sọ ọ́ lónìí, nítorí ọbẹ̀ la ń wá, a kò wá ẹkún."

"Ìyá Àgbà, olú ni olú ń jẹ́," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Mo rí i kedere láti òkè, ojú mi sì ríran ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílẹ̀, kí lẹ rí?" Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyàwó, má dà á nù o. Oòrùn ti kọjá àtàrí. Bí o bá da èyí nù, òmíràn kò sí, o sì mọ orúkọ tó ń dúró dè ọ́ nílé."

Omíyalé mọ̀ ọ́n. Ó dúró, ó di etí agbọ̀n mú. Bó bá gbé e lọ sílé báyìí, ta ni yóò mọ̀? Gbogbo ilé ni yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Gbogbo ilé náà ni yóò sì jẹ nínú ìkòkò kan náà, àti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n máa ń fi omi ọbẹ̀ tọ́ lẹ́nu. Ó mú olú kan, ó yí i padà. Abẹ́ rẹ̀ là wẹ́wẹ́wẹ́ bí inú etí ẹja. Ó mú òmíràn, ó mú òmíràn. Àwọn tó ti dàgbà ti ní àwọ̀ ewé tútù tán, àwọn kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

"Adúmáadán, ẹ má bínú," ló wí. "Létí odò wa, ẹni tó bá ra ẹja láìṣí etí rẹ̀ wò, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Mo ti ṣí etí eléyìí wò."

Ó yí agbọ̀n dojú dé. Ó dùn ún, n kò ní purọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà.

"O ti jókòó?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Mo ti jókòó, Ìyá Àgbà."

"Ó dára. Nu ojú rẹ, kí o wá wo abẹ́ ewé níwájú."

Omíyalé nu ojú, ó sì wò. Láti ibi tó jókòó sí, orí ewé eéran kọ́ ló ń rí mọ́. Ìdí wọn ló ń rí. Nínú òkùnkùn abẹ́ ewé náà, ẹsẹ̀ olú tò lọ ní funfun-funfun, ó pọ̀ bí ẹsẹ̀ èrò ọjà. Orí wọn ló ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó dúró kò fi lè rí wọn. Ilẹ̀ ti sán káàkiri níbi tí àwọn kékeré ti ń fi ṣóńṣó orí wọn gún un. Wọ́n tò lọ títí dé ìdí ayùnrẹ́ tí Ọdẹ́rìndé gùn, níbi tí ọ̀gán kan fara ti igi náà, tí ewé bò ó mọ́lẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ipa ẹsẹ̀ Adúmáadán wà lórí wọn, èyí tó fi gòkè àti èyí tó fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Àgbà," ni Omíyalé wí, ó nawọ́ sí abẹ́ ewé.

"Mo ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí o ti gbé mi sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọkọ rẹ kékeré ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Omíyalé rá wọ abẹ́ ewé. Ó fa èyí àkọ́kọ́, ilẹ̀ dì í mú; ó fi ọwọ́ wa ìdí rẹ̀, gbòǹgbò náà gùn tó apá ọmọdé, ikán sì rọ́ jáde. Ó gbé e wá fún Ìyá Àgbà. Abẹ́ rẹ̀ funfun, ọrùn rẹ̀ kò wọ ẹ̀gbà. Ìyá Àgbà gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó ní kí wọ́n máa já a, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àwọn kékeré sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ọ̀gán náà, torí ẹni tó bá wó ilé ikán ti wó ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Agbọ̀n kún, Omíyalé tú gèlè, gèlè náà kún. Ọdẹ́rìndé ló ru agbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ti dọ́gbọ́n mú méjì nínú olú tí wọ́n dà nù, ó fi wọ́n sínú àpò rẹ̀. Ó fẹ́ fi han arúgbó pé ojú òun kì í tan òun.

Ẹ kò ní béèrè lọ́wọ́ mi bí inú agboolé Ọdẹ́kùnlé ṣe dùn tó nígbà tí wọ́n rí wọn. Agbọ̀n Òfo ló kọ́kọ́ sáré pàdé Omíyalé, ó sì fi orin gbà á. Wọ́n fọ olú, wọ́n ya á wẹ́wẹ́, ẹ̀gúsí bọ́ síkòkò, epo tẹ̀ lé e, irú tẹ̀ lé e. Odó ń dún ní ojúlé mẹ́ta. Níbi tí gbogbo ojú ti wà lára ìkòkò, Ọdẹ́rìndé ti olú méjì rẹ̀ bọ iná lẹ́yìnkùlé, ó sun wọ́n, ó fi iyọ̀ sí i, ó jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn.

Nígbà tí iyán fi délẹ̀, wọ́n wá Ọdẹ́rìndé tì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bá a, ó di ara ògiri mú, ó ń bì, inú rẹ̀ ń lọ́ ọ, igbẹ́ sì ń pè é kó tó parí èébì. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba ìyá rẹ̀, àmọ́ Ìyá Àgbà béèrè iye tó jẹ. Wọ́n ní kékeré méjì ni. Ó ní yóò rí ìyà, ṣùgbọ́n yóò rí ọ̀la. Bí ó ti wí náà ló rí. Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé tó wo ara wọn, tí wọ́n wo àwọn ọmọ kéékèèké tó yí àwo ká, wọ́n sì mọ ohun tí Omíyalé dà nù sínú igbó.

Ìyá Ìbídùn dìde. Ó ti jẹ iyán tirẹ̀ tán, ó sì ti lá ìka.

"Ìyàwó," ló wí, "iyọ̀ rẹ ṣe déédéé, agbọ̀n rẹ kún, a kò rí nǹkan fi ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. O gbé ẹni tí gbogbo wa ti gbé jókòó, o pọ̀n ọ́n lọ síbi tí ọgbọ́n wà. Láti òní lọ, Apọnàgbà ni orúkọ rẹ nínú ilé yìí. Ọ̀já tí o fi pọn àgbà, ìwọ yóò sì fi pọn ọmọ."

"Àṣẹ," ni gbogbo ilé wí. Omíyalé kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà kò ṣófo mọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń béèrè olú, àwọn ọkùnrin ń béèrè ààlà ilẹ̀, Agbọ̀n Òfo sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ni yóò pọ̀n ọ́n lọ sígbó lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tó jẹ olú èké náà ni Ọdẹ́rìndé tó lè jókòó jẹun. Wọ́n bi í pé ṣé kò ní gun igi lọ wo ẹni tó ń bọ̀ ni. Ó wo Ìyá Àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un, ó sì fúnra rẹ̀ sọ gbólóhùn tí gbogbo ìlú gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.